Wọ ọkọ̀, gun kẹ̀kẹ́, sọdá títì

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ títì Èkó lórí rédíò, ọ̀rọ̀ méjì kan kì í wọ́n lẹ́nu wọn: ìgbòkègbodò ọkọ̀ àti ètò ìrìnnà. Àwọn kan ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìgbòkègbodò ọkọ̀ kò kọjá ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀. Inú rírìn lójú ọ̀nà ni ìrìnnà ti jáde, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ló sì kọ́kọ́ ni ín. Ìyá tó ru ẹrù láti ọjà Oyìngbò, ọmọ ilé-ìwé tó ń fẹ̀gbẹ́ gọ́tà rìn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, gbogbo wọn ló wà nínú ìrìnnà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìlànà kan jáde ní 2018 lórí ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ gígùn. Akọ̀ròyìn tó bá pe irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ní ètò ìgbòkègbodò ọkọ̀ ti lé àwọn tó ni ín jáde kúrò nínú rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ ló gba àlàyé jù. Nígbà kan, bí a bá ti dárúkọ kẹ̀kẹ́ láìfi nǹkan kan kún un, ológeere ni, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Alùpùpù ni ti ẹ̀ńjìnnì, kí ó tó di pé aráàlú sọ ọ́ ní ọ̀kadà, orúkọ tí wọ́n yá lára ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air. Nígbà tí Buba Marwa ṣe gómìnà ológun l'Ékòó láàárín 1996 sí 1999, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọ ìgboro, ó sì di Kẹ̀kẹ́ Márúwá. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, Márúwá ń já kúrò lẹ́nu, ó ku kẹ̀kẹ́. Lónìí, ẹni tó bá dúró ní Ìyànà-Ìpájà tó ní òun ń wá kẹ̀kẹ́, kò sẹ́ni tó máa fi ológeere hàn án.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń gbà wá lọ́wọ́ ìdàrúdàpọ̀ yìí. Èrò ń wọ kẹ̀kẹ́, awakọ̀ ń wà á: ti Márúwá nìyẹn. Bí a bá ní ẹnìkan gun kẹ̀kẹ́, ológeere ni, torí pé ohunkóhun tí a bá la ẹsẹ̀ méjèèjì sí lára, ìbáà ṣe ẹṣin, ìbáà ṣe ọ̀kadà, gígùn là ń gùn ún. Wíwà ní tirẹ̀, ojú omi ló ti wá. Àjẹ̀ ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ kí mọ́tò tó dé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré fún ẹni tó fẹ́ la ọ̀nà tuntun. Bí wọ́n bá kọ "Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́" sára pátákó, àwọn onímárúwá yóò yà síbẹ̀, wọn ò sì jẹ̀bi. "Ọ̀nà Ológeere" ni kí wọ́n kọ. Ó ń dùn mí pé ológeere ti ń di ọ̀rọ̀ inú ìwé àwọn ọmọ iléèwé nìkan, nígbà tó jẹ́ pé ìsinsìnyí gan-an la nílò rẹ̀.

Ti bọ́ọ̀sì ńkọ́? Láti 2008 ni BRT ti ń ná Máílì 12 sí CMS. Àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé àwọn "mú BRT". Yorùbá kì í mú ọkọ̀ àfi tó bá jẹ́ ọlọ́pàá. Wíwọ̀ là ń wọ̀ ọ́, bí a bá sì débi tí à ń lọ, a ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ tún jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ná parẹ́. Ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà ń lọ, ó ń bọ̀, lójoojúmọ́, lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, kò sì sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó gba gbogbo èyí mọ́ra. Ọkọ̀ ojú irin Red Line ń ná Agbádó sí Oyìngbò: gbólóhùn náà pé, kò nílò àtìlẹ́yìn.

Èrò ni àwọn tó wà nínú ọkọ̀. Ẹni tó kúrò ní Yábàá lọ sí Ìkẹjà kò rin àjò kankan tí ìwé ìròyìn fi ń pè é ní arìnrìn-àjò.

Bí èrò bá sọ̀ kalẹ̀, ó di ẹlẹ́sẹ̀. S tí kò ní àmì nísàlẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bí a bá fi àmì sí i, ó di ẹlẹ́ṣẹ̀, ẹni tó dẹ́ṣẹ̀. Mo ti rí "afárá ẹlẹ́ṣẹ̀" tí wọ́n kọ gàdàgbà, inú mi kò dùn. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn l'Ékòó ń jìyà tó. Ọkọ̀ ti gba ẹ̀gbẹ́ títì mọ́ ọn lọ́wọ́, àtẹ gba èyí tó kù, gọ́tà tí kò ní ìdérí wà níwájú. Kí ni pátákó tún ń fẹ̀sùn kàn án sí? Bí wọ́n bá sì yọ gbogbo àmì pátápátá, òǹkàwé ni yóò máa méfò. Fóònù tó ń tẹ àmì Yorùbá pọ̀ nígboro, kò sí àwáwí.

Ó ku sọdá. Odò là ń sọdá kí a tó yá a fún títì. Àwọn kan ní àwọn "fo títì", ṣùgbọ́n ohun tí a bá fò, ẹsẹ̀ wa kò kan ojú rẹ̀. Gọ́tà là ń fò. Lójú irin, ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Láti ìgbà tí rélùwéè ti dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901 ni ó ti mọ́ àwọn èèyàn lára láti máa gba ojú irin kọjá, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń pàtẹ síbẹ̀, tí wọ́n á kó ọjà bí fèrè bá dún. Blue Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Marina àti Máílì 2 ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, kò rí bẹ́ẹ̀. Iná mànàmáná ló ń gbé e rìn, irin kẹta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ló sì gbé iná náà. Ọkọ̀ lè má sí nítòsí rárá, kí irin náà ṣekú pa ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Ìkìlọ̀ tó ń sọ pé "kò tọ́ kí aráàlú máa ráre lágbègbè ojú irin" kò tíì kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èyí ni mo rò pé ó yẹ: "Ẹ má sọdá ojú irin. Iná wà lára irin. Ẹ gba orí afárá ẹlẹ́sẹ̀." Ẹ ló sì yẹ níbẹ̀, torí àgbàlagbà náà yóò kà á.