Yíyan Ọ̀pá Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Tí Ó Lágbára fún Ọ̀nà Oko

Gbogbo ẹni tí ó bá ń ná Ọjà Ọba ní Ìbàdàn, ní ẹsẹ̀ òkè Màpó, ni ó mọ̀ pé oko ni oúnjẹ ti ń wá kí ó tó dé orí àtẹ. Nígbà òjò, ọ̀nà oko a máa di ẹrẹ̀, ipa táyà a sì máa jìn bí kòtò. Bí ọkọ̀ bá há sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ẹ̀fọ́ ti rọ, tòmátì ti jẹrà, làálàá àgbẹ̀ sì ti di asán. Nítorí èyí ni ó fi dára kí àwọn àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ dáwó jọ láti tún ọkọ̀ àtijọ́ kan tò fún iṣẹ́ oko gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

Títo ọkọ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn bọ́lẹ̀kájà tí ó ń ná ọ̀nà wa láàárín ọdún 1950 sí 1970, òkè òkun ni ẹ́ńjìnnì àti irin abẹ́ wọn ti wá, bí irú ti Bedford. Àwọn káfíńtà wa ni ó sì fi pákó kan ara wọn. Ara ọkọ̀ lè jẹ́ pákó, ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé e dúró kò gbọdọ̀ jẹ́ yẹpẹrẹ.

Ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní axle ni ọ̀pá tí ó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì. Páìpù irin ni ó wà lóde. Ọ̀pá inú ni ó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Láàárín rẹ̀ ni ìkòkò irin rìbìtì kan wà tí jíà wà nínú rẹ̀. Ìkòkò yìí ni ó sábà máa ń súnmọ́ ilẹ̀ jù lọ, òun ni òkúta àti kùkùté sì máa ń kọ́kọ́ gbá.

Èkíní, ẹ wo gíga. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá fi kún sípíríńgì, ọkọ̀ ti ga tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara ọkọ̀ ni sípíríńgì ń gbé sókè. Ìkòkò jíà kò kúrò ní ipò rẹ̀. Táyà ni ó ń gbé e. Bí táyà bá ga ní íǹṣì 30, àárín rẹ̀ fi íǹṣì 15 ga sí ilẹ̀. Bí ìkòkò náà bá sọ̀ kalẹ̀ ní íǹṣì 6 sí àárín yìí, íǹṣì 9 ni ó kù. Bí a bá fi táyà íǹṣì 34 rọ́pò rẹ̀, yóò di íǹṣì 11. Íǹṣì 4 ni a fi kún táyà. Íǹṣì 2 péré ni a jèrè.

Ní Jámánì, ọkọ̀ Unimog, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún títà ní ọdún 1948, lo ọgbọ́n mìíràn. A gbé ọ̀pá rẹ̀ ga ju àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ, jíà tí ó wà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń gbé agbára náà sọ̀ kalẹ̀. Èyí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó gbówó lórí.

Èkejì, ẹ wo agbára. Bí táyà bá ti ń tóbi sí i ni ó ń lọ́ ọ̀pá inú sí i, nítorí náà, táyà ńlá lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kò bójú mu. Oríṣi ọ̀pá méjì ni ó wà. Nínú èkíní, ọ̀pá inú ni ó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, òun náà ni ó sì ń gbé ẹrù. Bí ó bá kán, ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè yọ lójú ọ̀nà. Nínú èkejì, páìpù òde ni ó ń gbé ẹrù. Iṣẹ́ yíyí nìkan ni ó kù fún ọ̀pá inú. Bí eléyìí bá kán, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò dúró sí ipò rẹ̀. Irú èkejì yìí ni kí ẹ yàn fún ẹrù wúwo. A ń fi ojú mọ̀ ọ́n: orí ọ̀pá inú a máa yọ sí àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀, nọ́ọ̀tì a sì yí i ká.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá lọ ra tòkunbọ̀ ní Àràrọ̀mí ní Àgódi Géètì, ẹ mú mẹkáníìkì yín dání. Ẹ wò ó bí páìpù bá tẹ̀ tàbí bí ojú ibi tí a jó pọ̀ bá sán. Ẹ tú òróró rẹ̀ wò: bí ó bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀, bí èérún irin bá wà nínú rẹ̀, jíà ti ń jẹ ara wọn. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, iye jíà ti iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọdọ̀ bára mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò máa bá ara wọn jà títí ọ̀kan yóò fi fọ́.

Ní ìparí, ẹ má ṣe gbàgbé pé ọkọ̀ tí ó bá ga jù a máa tètè ṣubú. Gíga tí ó tó ọ̀nà yín ni kí ẹ wá, kí ẹ má ṣe kó ènìyàn lé orí ẹrù, kí ẹ sì mú ọkọ̀ náà lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ VIO kí ó tó gbé ẹrù àkọ́kọ́. Igi gànmùgànmù má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó.