Iṣẹ́ ìjọba: Ìwé ló ń kọ́kọ́ já oníṣòwò kékeré kulẹ̀, kì í ṣe iye owó

Bí ìjọba bá fẹ́ gbé iṣẹ́ àgbàṣe jáde, ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé, "Ta ni mo mọ̀ níbẹ̀?" Irọ́ kọ́, mímọ èèyàn wúlò nílẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ti jábọ́ kó tó kan ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀, nítorí ìwé kan ṣoṣo tí kò sí nínú fáìlì wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú káfíńtà kan ní Ìkòyí-Ilé, níbi tí olú ìjọba ìbílẹ̀ Oríire wà, tó ń kan bẹ́ǹṣì àti tábìlì ilé ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ lè dára, kí owó tó ń bèèrè sì kéré sí ti ará Ìbàdàn. Bí kò bá ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ CAC àti ìwé ẹ̀rí owó-orí, ó ṣòro kí wọ́n tó wo iye tó kọ.

Ìwé owó-orí yìí ló ń fa wàhálà jù. Ti ọdún mẹ́ta tó ṣáájú ni wọ́n máa ń fẹ́ rí. Ẹni tó dúró dìgbà tí ìkéde jáde kó tó sáré lọ sí ọ́fíìsì owó-orí ti pẹ́ jù. Ẹni tó forúkọ okòwò lásán sílẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń san owó-orí èrè rẹ̀ fún. Kọ́ńpìnnì tó ní "Ltd" lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ló ń da méjèèjì pọ̀.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní òfin tirẹ̀ lórí iṣẹ́ àgbàṣe. Bí káfíńtà wa bá fẹ́ nawọ́ sí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, bí irú èyí tí ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn ń gbé jáde, òfin ọdún 2007 ni yóò bá pàdé. Níbẹ̀, wọ́n tún máa ń bèèrè ìwé PenCom, ITF àti NSITF. Kí ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ má ṣe rò pé kò kan òun. Kó lọ bèèrè ní ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan, kó sì gba èsì lákọsílẹ̀.

Òfin náà ní ohun tó dára fún ẹni kékeré. Bí ìdíje bá jẹ́ ti gbogbo èèyàn nílẹ̀ yìí, fún ọjà tàbí iṣẹ́ ilé kíkọ́, ìkéde gbọ́dọ̀ jáde ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ tí wọn yóò gba ìwé kẹ́yìn. Ìta gbangba ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣí àpòòwé, kí wọ́n sì ka iye tí kálukú kọ sókè. Kí oníṣòwò lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, kó mú bírò dání. Bó bá rí àṣìṣe, ọjọ́ iṣẹ́ 15 ló ní láti kọ ẹ̀sùn sí ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì náà, láti ìgbà tó ti mọ̀.

Owó iṣẹ́ ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti jẹ gbèsè. Òfin kan náà ka owó tó bá kọjá ọjọ́ 60 lẹ́yìn tí wọ́n gba ìwé owó sí ìdádúró, èlé sì wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí ìwé owó dé ọ́fíìsì ni wọ́n ń kà láti ibẹ̀. Nítorí náà, kí káfíńtà wa má kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.