Ọkọ̀ Tó Ti Pẹ́: Ẹ Má Fi Ọ̀dà Tuntun Bo Irin Tó Dógùn-ún

Ọ̀RỌ̀ TUNTUN

dógùn-ún: kí irin pọ́n, kí ó sì máa jẹrà. Àwọn mìíràn ń pè é ní dípáàrà.
tòkunbọ̀: ohun tí wọ́n ti lò ní òkè òkun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.
òòfà: irin tó máa ń fa irin mọ́ra.
vernis: ọ̀dà tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, tí wọ́n fi ń bo àwọ̀ ọkọ̀ lókè.
tolíyè: ẹni tó ń lu ara ọkọ̀ tó sì ń tún un ṣe.

Ẹ̀kọ́ tòní wà fún ẹni tó ní ọkọ̀, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, àti ẹni tó ń tu owó jọ láti ra ọkọ̀.

Ní Lomé, ọkọ̀ tó ti lé ní ogún ọdún tó ṣì ń ṣiṣẹ́ pọ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ tòkunbọ̀. Èbúté Lomé, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1968, ni wọ́n ń gbà wọlé. Òmíràn ń gba ibẹ̀ lọ sí Burkina Faso àti Niger. Òmíràn ń dúró sọ́dọ̀ wa, ó ń gbé èrò, ó ń gbé ẹrù lọ sí ọjà Assigamé. Oúnjẹ ilé ẹlòmíràn, owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀, orí ọkọ̀ yẹn ló wà.

Tí ọ̀dà ọkọ̀ náà bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ńkọ́? Ẹlòmíràn á sáré lọ kùn ún. Ọkọ̀ á máa dán, inú rẹ̀ á dùn. Kò ní pẹ́, ibi tí wọ́n kùn á tún wú. Owó ti lọ, irin ń jẹrà lábẹ́. Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀.

1. Kí ni iṣẹ́ ọ̀dà?

Ọ̀dà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ nìkan. Aṣọ irin ni. Irin tó bá pàdé omi àti afẹ́fẹ́ á dógùn-ún. Ọ̀dà ló ń dínà mọ́ wọn.

Aṣọ yìí ju ẹyọ kan lọ. Nísàlẹ̀, ọ̀dà ìpìlẹ̀ wà, òun ló di irin mú. Lórí rẹ̀ ni àwọ̀ wà: pupa, funfun, dúdú. Lórí àwọ̀ ni vernis wà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1980 ò ní vernis. Àwọ̀ ni wọ́n fi parí tiwọn.

2. Kí ló ń ba ọ̀dà jẹ́ ní Lomé?

Èkíní ni oòrùn. Ó ń jó òrùlé ọkọ̀ àti ìdérí ẹ́ńjìnnì tí a ń pè ní kápò, torí pé àwọn ló kọjú sókè. Ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣí.

Èkejì ni iyọ̀. Etí òkun gan-an ni ìlú wa wà. Atẹ́gùn òkun ń gbé iyọ̀ wá, iyọ̀ á lẹ̀ mọ́ ọkọ̀, á sì máa fa omi mọ́ra. Kódà bí òjò ò bá rọ̀, irin ò ní gbẹ dáadáa. Ẹni tó ń ná ọ̀nà Aného á mọ ohun tí à ń sọ.

Ẹ̀kẹta ni eruku ọyẹ́. Tí ẹ bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ó ń ha ọ̀dà bíi sáńdípépà.

Ẹ̀kẹrin ni ìgbẹ́ ẹyẹ. Ó máa ń jẹ ọ̀dà. Ẹ tètè fi omi ṣàn án kúrò.

3. Irú àìsàn wo ló ń ṣe é?

Kí ẹ tó náwó, ẹ yẹ ọkọ̀ náà wò.

(a) Ọ̀dà ti ṣá, kò dán mọ́, ṣùgbọ́n kò bó. Ẹ mú aṣọ funfun, ẹ fi pọ́líìṣì díẹ̀ sí i, ẹ fi ra ibi kọ́lọ́fín kan. Tí àwọ̀ ọkọ̀ bá yọ sára aṣọ, ọkọ̀ náà ò ní vernis. Ojú ọ̀dà ló kú. Pọ́líìṣì lè jí i. Ẹ má ra á jù o, torí ọ̀dà ń tán díẹ̀díẹ̀.

(b) Ó ń bó pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, bí ìgbà tí ejò bá bọ́ awọ. Vernis ló kú yẹn. Pọ́líìṣì ò ràn án. Tí wọ́n bá sì da vernis tuntun lé èyí tó ń bó, méjèèjì ni yóò jọ ṣí. Àfi kí wọ́n ha gbogbo ojú ibẹ̀, kí wọ́n kun àwọ̀, kí wọ́n tó fi vernis sí i.

(d) Ó wú bí ara ẹni tí omi gbígbóná jó, tàbí omi pupa ń sun níbẹ̀. Irin ti ń dógùn-ún lábẹ́. Ẹ wo ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹ̀gbẹ́ táyà, àti abẹ́ ọkọ̀.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra ọkọ̀, ẹ mú òòfà kékeré lọ, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e. Ẹ gbé e lé ara ọkọ̀ káàkiri. Ibi tí kò bá ti fa irin, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi mastic tó nípọn dí ihò níbẹ̀, kí wọ́n wá kùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé òòfà kì í fa ike, kì í sì í fa alumíníọ̀mù. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè. Ọ̀dà tuntun lára ọkọ̀ àgbà kì í ṣe ẹ̀rí pé ara rẹ̀ dá.

4. Èwo ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìdógùn-ún ni ẹ̀tẹ̀. Vernis tó bó ni làpálàpá. Bí owó ò bá tó méjèèjì, ibi tó dógùn-ún ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Òrùlé tí kò dán lè dúró de owó. Irin tó ń jẹrà kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí:

Ẹ fi omi tó mọ́ fọ ibẹ̀, kí iyọ̀ kúrò. Ẹ jẹ́ kó gbẹ.
Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńdípépà ha á títí irin á fi máa dán.
Ibi tó bá ti lu, mastic ò tó. Tolíyè ló máa gé e, tó máa jó irin tuntun mọ́ ọn.
Ẹ fi aṣọ mímọ́ tó ní tínà díẹ̀ nù ún. Ẹ má fi ọwọ́ kàn án mọ́, torí òógùn ní iyọ̀ nínú.
Ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i. Irin tó bá sùn níhòòhò ní etí òkun á ti pọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́.
Ẹ fi àwọ̀ sí i ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, vernis.

Ẹ má kun ọkọ̀ níta nígbà tí òjò ń ṣú tàbí tí eruku ọyẹ́ ń fẹ́.

5. Ìtọ́jú ojoojúmọ́

Ẹ máa fi omi tó mọ́ fọ ọkọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, lábẹ́ ìbòòji. Ẹ má gbàgbé abẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ táyà. Ẹ má fi omi òkun fọ ọ́ láéláé. Ọṣẹ tí a fi ń fọ aṣọ le jù fún ọ̀dà. Ẹ wo ihò kéékèèké tó wà lẹ́sẹ̀ ilẹ̀kùn: ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde. Tí yanrìn bá dí i, ẹ yọ ọ́. Ẹ má fi táńpóò bo ọkọ̀ tó tutù, torí ooru á sé omi mọ́ ọn lára.

6. Ẹ ṣọ́ ẹ̀mí yín

Ọ̀dà àti vernis tí wọ́n ń po mọ́ omi kejì kí ó lè le ní oró kan tí wọ́n ń pè ní isocyanate. Ẹni tó bá ń fà á símú lè ní ikọ́ fée tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Aṣọ tí a so mọ́ imú ò lè dá a dúró. Ìbòjú tó ní àlẹ̀mọ́ asẹ́ èéfín ni kí ẹni tó ń kùn ún lò, pàápàá àwọn ọmọ iṣẹ́. Òjé lè wà nínú ọ̀dà àtijọ́, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Torí náà, ẹ fi omi sí i kí ẹ tó ha á, ẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun, ẹ lé ọmọdé jìnnà. Ẹ má mu sìgá nítòsí tínà. Ẹ má dà á sí gọ́tà, ọ̀sà Bè ni yóò bá a lọ.

7. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀

Ẹ ti mọ̀wé báyìí. Ẹ má fi ẹnu nìkan ṣe àdéhùn pẹ̀lú tolíyè. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

Lomé, ọjọ́ ........ oṣù ........ ọdún ........
Iṣẹ́: ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn méjì. Ẹ ha ìdógùn-ún dé ojú irin. Ọlọ́kọ̀ á rí irin náà kí ẹ tó kùn ún.
Owó iṣẹ́: 44 000 sẹ́fà
Owó tí a san: 20 000 sẹ́fà
Ó ku: 24 000 sẹ́fà
Ẹni tó máa ra ọ̀dà: ........
Ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí: ........
Ìfọwọ́sí àwa méjèèjì: ........

Àpẹẹrẹ ni iye owó yìí. Ṣùgbọ́n ẹ má fo ìlà kejì. Ẹni tó bá fojú ara rẹ̀ rí irin tó ń dán kí wọ́n tó bò ó, òun ló mọ ohun tó sanwó fún.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí òrùlé àti kápò fi máa ń kọ́kọ́ ṣí?
2. Báwo la ṣe ń fi òòfà yẹ ọkọ̀ wò? Kí ni òòfà kì í fà?
3. Ọ̀dà kápò ń bó, ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn sì ti dógùn-ún. Owó ò tó méjèèjì. Èwo lẹ máa kọ́kọ́ ṣe? Kí nìdí?
4. Ìṣirò: Awakọ̀ kan ń tọ́jú 500 sẹ́fà lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni yóò fi rí 24 000 sẹ́fà tó kù?
5. Ẹ kọ àdéhùn tiyín sínú ìwé yín, kí ẹ kà á fún ẹni tó jókòó tì yín.