Ta ló fi ọ̀nà egungun hàn án?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ló ń bá ọmọ mi jà. Wọ́n fẹ́ gba mùdùnmúdùn egungun lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un. Mo rò pé wọ́n máa la egungun ni, àfi bí wọ́n ṣe ní iṣan ni wọ́n máa fà á sí. Báwo ló ṣe máa débẹ̀? Àyẹ̀wò sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti mọ́, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn. Kí ló dé? — Ìyá kan, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìfaradà. Wọn ò ní la egungun rárá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí irú iṣẹ́ yìí, ohun ńlá ni mo ń retí. Àpò kékeré bíi ti ẹ̀jẹ̀ lásán ni wọ́n gbé wá.

Inú mùdùnmúdùn ni sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ ń gbé. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ níbẹ̀ máa ń tú èròjà kan tó ń jẹ́ CXCL12 jáde, òun náà sì ní ohun tó fi ń mọ̀ ọ́n, bí ajá ṣe ń gbóòórùn. Wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn líle palẹ̀ egungun ọmọ yín mọ́. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbọ́n á wá bá ẹ̀jẹ̀ rìn kiri títí á fi gbọ́ òórùn yẹn, á sì yà síbẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kó tó máa bí ẹ̀jẹ̀ tuntun.

Ní ti abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, ọmọ ilé kan náà ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ó mọ gbogbo ọ̀nà ẹ̀bùrú. Lọ́dún 2016, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Cristina Lo Celso àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Imperial College London wo inú egungun eku tó wà láàyè. Àwọn èèyàn ti rò pé kọ̀rọ̀ kan ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń sá pamọ́ sí. Àmọ́ Lo Celso àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a níbi tó ti ń rìn kiri. Èyí tí oògùn ò rí pa tún wá yára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀kan lára ibi tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń yà sí ni omi tó yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká. Odi kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ oògùn inú ẹ̀jẹ̀ kì í lè kọjá, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lápá ò sì lè sọ ohun tó wà lẹ́yìn odi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi oògùn bíi methotrexate sínú omi náà gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín fo ọ̀kankan nínú abẹ́rẹ́ náà. Tí orí bá ń fọ́ ọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, ẹ tètè sọ fún nọ́ọ̀sì.