Ẹ̀kọ́ Ìlera: Ìṣanwọ́ Kì í Ṣe Ìfọwọ́

Kò sí ilé tí ọ̀fìnkìn kì í wọ̀. Ó ń wọ ààfin, ó ń wọ ahéré, kì í sì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Nítorí pé ó wọ́pọ̀, tí ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà á kún àìsàn. Wọn a ní òtútù ni ó mú lágbájá, tàbí pé òjò ni ó pa á, tàbí pé ọyẹ́ ti dé. Ṣùgbọ́n òjò kì í bí ọ̀fìnkìn, ọyẹ́ kò sì bí i. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fà á, láti ara ẹnì kan ni ó sì ti ń bọ́ sí ara ẹlòmíràn. Ohun tí òjò àti ọyẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n ń kó ènìyàn jọ sínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa, níbi tí èémí gbogbo wọn ti ń dà pọ̀.

Ọ̀fìnkìn ní ẹ̀gbọ́n kan tí ó burú jù ú lọ, òun ni àrùn infulẹ́ńsà. Eléyìí kì í mú imú nìkan. A máa dá ibà gbígbóná sí ènìyàn lára lójijì, a máa fọ́ orí, a máa ro gbogbo oríkèé, a sì lè di òtútù àyà fún ọmọdé, arúgbó, aboyún àti ẹni tí àìsàn mìíràn ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá kò lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Nínú ìtàn àwọn àgbà, lúkúlúkú ni wọ́n pe èyí tí ó jà ní ọdún 1918, orúkọ kan náà tí a fi ń pe àrùn tí ń pa adìẹ lápalù. Ojú omi ni ó gbà wọ Èkó ní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ọdún náà, nígbà tí ọkọ̀ S.S. Bida gúnlẹ̀ láti ìhà Gold Coast, èyí tí a ń pè ní Ghana lónìí. Nínú nǹkan bí 82,000 ènìyàn tí ń gbé Èkó nígbà náà, ó lé ní 1,200 tí ó kú. Àwọn wòlé-wòlé ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti wá aláìsàn, ẹ̀rù èyí sì ba ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sá kúrò ní Èkó lọ sí ìlú wọn. Wọn kò mọ̀ pé àrùn náà bá wọn wọ ọkọ̀. Ojú irin tí ó ti Ìddó lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, èyí tí ó la Òṣòdì kọjá, ni àrùn náà bá wọn tọ̀ lọ sí òkè. Kí ó tó rọlẹ̀, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ni a ṣírò pé ó pa ní Nàìjíríà.

Òṣòdì ti di oríta ńlá láti ìgbà náà wá. Ẹni tí ó bá ń ti Agége lọ sí Àpápá, ẹni tí ó ń ti Ìkòròdú bọ̀, ẹni tí ó fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn tàbí sí òkè ọya, Òṣòdì ni gbogbo wọn ti ń pàdé. Ìsọlọ̀, Máfolúkù àti Èjìgbò yí i ká, pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed sì wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn gan-an. Ní ọjọ́ 20 oṣù Júláì ọdún 2014, pápákọ̀ yẹn ni àrùn Ẹbólà gbà wọ Nàìjíríà nínú ara arìnrìn-àjò kan láti Làìbéríà. Ènìyàn 20 ni ó mú, 8 kú nínú wọn, kí a tó kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Ọ̀kítóbà pé ó ti tán nílẹ̀. Ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 2020, pápákọ̀ kan náà ni ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó ní àrùn Kòrónà gbà wọlé láti Ítálì. Ní ìgbà méjèèjì, ọ̀rọ̀ ìfọwọ́ gba gbogbo ẹnu kan. Nígbà tí ẹ̀rù náà sì rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ó yẹ kí á mọ bí ọwọ́ ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe a fi àtẹ́lẹwọ́ nu imú, a sì fi ọwọ́ kan náà di irin ẹnu ọ̀nà dáńfó mú. Ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn a di irin náà mú. Kọńdọ́kítọ̀ gba owó lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ó fi itọ́ rin ìka kí ó tó ka ṣéńjì, ó sì nà án sí ẹnì kẹta. Lórí irin àti ike dídán, kòkòrò infulẹ́ńsà lè wà láàyè fún wákàtí 24 sí 48. Lórí aṣọ àti bébà kò tó bẹ́ẹ̀, bíi wákàtí 8 sí 12 ni. Lórí awọ ọwọ́ fúnra rẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó, nítorí ọwọ́ kì í pẹ́ kí ó tó dé ojú. Ẹ wo ẹnikẹ́ni tí ó jókòó jẹ́ẹ́: yóò nu ojú, yóò fọwọ́ kan ètè, yóò họ imú, kò sì ní mọ̀ pé òun ṣe é.

Nígbà tí oníkálukú bá wá padà sílé ní ìrọ̀lẹ́, a gbé oúnjẹ kalẹ̀, a sì gbé abọ́ omi wá. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ọ̀pọ̀ ilé, bàbá ni yóò kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ inú abọ́ náà, ìyá yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ, láti orí ẹ̀gbọ́n dé orí àbúrò. Kò sí ọṣẹ níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni a sì ń rì bọ omi. Nígbà tí abọ́ yóò fi dé ọ̀dọ̀ àbíkẹ́yìn, ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì gbó láti bá àrùn jà, omi náà ti gba ìdọ̀tí irin dáńfó, ti owó ọjà àti ti ikun imú gbogbo ará ilé. Ọmọ náà yóò rì ọwọ́ rẹ̀ sínú rẹ̀, yóò sì fi bu òkèlè. Èdè wa mọ ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀: ìṣanwọ́ ni èyí, kì í ṣe ìfọwọ́. Aṣọ ìnuwọ́ kan ṣoṣo tí a fi kọ́ sí ara ògiri fún gbogbo ilé kò sì sàn ju abọ́ náà lọ.

Ìdí tí ìṣanwọ́ kò fi tó wà nínú ìṣẹ̀dá àwọn kòkòrò náà. Kòkòrò infulẹ́ńsà wọ ẹ̀wù ọ̀rá. Bí ọṣẹ ti ń tú epo pupa kúrò lára àwo, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ya ẹ̀wù yẹn, kòkòrò náà a sì kú. Omi lásán kò lè ya á. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn kòkòrò ọ̀fìnkìn ní tirẹ̀ kò wọ irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọṣẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa á. A ní láti fi ọwọ́ ra ọwọ́ títí yóò fi ṣí kúrò lára awọ, kí omi tí ń ṣàn sì gbé e lọ. Omi tí ó dúró sínú abọ́ kò gbé ohunkóhun lọ síbì kankan. Ọṣẹ wo ni ó dára? Ọṣẹ dúdú, ọṣẹ ìfọṣọ, ọṣẹ olóòórùn dídùn, gbogbo wọn ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́: kí á ra àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, àtàǹpàkò àti abẹ́ èékánná fún ìwọ̀n àkókò tí ọmọdé yóò fi ka ení, èjì, títí dé ogún láìkánjú.

Àwọn kan yóò sọ pé omi kò sí. Òótọ́ ni pé ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ọ̀dọ̀ mẹ́rúwà ni a ti ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì. Ṣùgbọ́n omi tí ń ṣàn kò ní kí ó jẹ́ omi ẹ̀rọ. Ní orílẹ̀-èdè Ghana, obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Veronica Bekoe, rí i pé inú abọ́ kan náà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ní ilé àyẹ̀wò ti ń ṣan ọwọ́, wọ́n sì ń fi kún ìdọ̀tí ọwọ́ wọn dípò kí wọ́n mú un kúrò. Ó mú garawa oníke, ó fi ẹnu ẹ̀rọ kékeré sí ìdí rẹ̀, ó sì gbé abọ́ sí abẹ́ rẹ̀ láti gba omi ìdọ̀tí. Irú garawa bẹ́ẹ̀ ni ó kún ẹnu ọ̀nà báǹkì, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ọjà ní Èkó ní ọdún 2020. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká garawa lè lo kẹ́tù oníke tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá, èyí tí kò wọ́n ní ọjà. Omi tí à bá dà sínú abọ́ fún ìṣanwọ́ gbogbo ilé, bí a bá dà á sínú kẹ́tù tí a sì ń rọra tú u, ó lè tó gbogbo wọn láti fọ ọwọ́. Kò sì ba àṣà jẹ́ rárá. Ọmọdé tí ó kúnlẹ̀ da omi sí bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ kò rí bàbá fín, ohun tí àwọn àgbà ń kọ́ ọmọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni. Wọ́n ní ọmọdé tí ó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ òde òní máa retí kí àgbà náà mọ̀ ọ́n wẹ̀ pẹ̀lú.

Ọwọ́ ìyá ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí kò sí ọwọ́ tí ó ń sún mọ́ ẹnu ọmọ tó o. Ìyá tí ó bá ti ọjà Òṣòdì dé kí ó fọ ọwọ́ kí ó tó fún ọmọ lọ́mú, kí ó fọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí ó bá nu ìdí ọmọ, kí ó sì fọ̀ ọ́ kí ó tó dáná. Àwọn ìyá wa a máa fi ẹnu fa ikun kúrò ní imú ọmọ ọwọ́ tí kò lè fun imú. Ìfẹ́ ni, kò sì sí ẹni tí yóò bú wọn sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀fìnkìn ìyá ń ti ibẹ̀ bọ́ sí ara ọmọ, ti ọmọ náà sì ń bọ́ sí ara ìyá. Aṣọ rírọ̀ tí ó mọ́, tí a lọ́ ṣóńṣó, tí a sì rì bọ omi oníyọ̀ díẹ̀ tí a ti sè tí ó sì ti tutù, yóò ṣe iṣẹ́ náà. Ní ti rírọ ọmọ, níbi tí ìyá ti ń ká ọwọ́ rẹ̀ bí ife sí ẹnu ọmọ láti da àgbo tàbí ẹ̀kọ sí i, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kò fọwọ́ sí i rárá. Ọwọ́ lè dọ̀tí, èyí tí ó sì burú jù ni pé omi náà lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Àwọn tí ń ta oúnjẹ ní ìdíkọ̀ náà ní ipa tiwọn. Ọwọ́ tí ó gba owó kò yẹ kí ó tún já ẹ̀kọ tàbí kí ó mú ẹran. Bí ọmọ iṣẹ́ bá wà, kí ọ̀kan máa bu oúnjẹ, kí èkejì máa gba owó. Bí kò bá sí, kí oníbàárà ju owó sínú igbá, kí ó sì mú ṣéńjì rẹ̀ níbẹ̀.

Bí ẹnì kan bá bèèrè bóyá gbogbo wàhálà yìí tó bẹ́ẹ̀, ìlú Karachi ní orílẹ̀-èdè Pakistan lè dáhùn. Ní àwọn àdúgbò tálákà tí èrò ti há mọ́ra níbẹ̀, àwọn olùwádìí pín ọṣẹ fún àwọn ìdílé kan, wọ́n sì ń bẹ̀ wọ́n wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti kọ́ wọn ní ìfọwọ́. Nígbà tí a tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2005, a rí i pé òtútù àyà láàárín àwọn ọmọ wọn tí kò tíì pé ọdún 5 fi ìdajì dín sí ti àwọn ilé tí a kò fún ní ọṣẹ, ìgbẹ́ gbuuru sì dín ju ìdajì lọ. Láàárín àgbà àti èwe lápapọ̀, ìfọwọ́ a máa dín ọ̀fìnkìn àti irú rẹ̀ kù ní 16 sí 21 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kò dín in kù tán, kò sì yẹ kí á tan ara wa jẹ. Infulẹ́ńsà ń bá èémí rìn pẹ̀lú, ẹni tí ó mú a sì ti lè máa ko ó ran ẹlòmíràn láti ọjọ́ kan kí ó tó mọ̀ pé ara òun kò yá. Nítorí náà kí ẹni tí ń wúkọ́ tàbí tí ń sín gbé ìgúnpá bo ẹnu, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, kí á ṣí fèrèsé sílẹ̀ ní ọ̀sán kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Kí ọmọ tí ibà àti ikọ́ ń ṣe má ṣe lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Kí aláìsàn sinmi, kí ó sì mu omi dáadáa. Kóró oògùn aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò tí àwọn kan ń sáré rà nígbàkígbà tí imú bá ti ń ṣomi kò lè pa kòkòrò ọ̀fìnkìn tàbí ti infulẹ́ńsà. Owó ni ó ń náni, ó sì ń kọ́ àwọn kòkòrò mìíràn ní bí wọn yóò ṣe máa borí oògùn.

Ohun tí ìyá gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ni mímí ọmọ. Kí ó ṣí aṣọ kúrò ní àyà ọmọ nígbà tí ó bá dákẹ́, kí ó mú agogo tàbí fóònù, kí ó sì ka iye ìgbà tí àyà náà gbé sókè láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá tó 60 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, tàbí 50 fún ọmọ oṣù 2 sí ọdún 1, tàbí 40 fún ọmọ ọdún 1 sí 5, ọ̀fìnkìn lásán kọ́ ni mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí abẹ́ ìhà rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tí ó bá ń fa èémí, bí kò bá lè mu ọmú, tàbí bí gìrì bá mú un. Kí á má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́. Kí á gbé e lọ sí ibùdó ìlera tí ó bá sún mọ́ni jù tí ó ṣí sílẹ̀, tàbí sí ilé ìwòsàn gbogbogbòò ti ìjọba ní Ìsọlọ̀, kí á sì sọ iye tí a kà fún nọ́ọ̀sì tí a bá bá níbẹ̀.