Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ìlú Etí Òkun fún Ọlidé

Ìbéèrè: Mo fẹ́ mú àwọn ọmọ mi lọ wo òkun ní ọlidé yìí, ní ìlú apẹja tó ní ìtàn. Ibo ni kí a lọ?
Ìyá Ọlọ́mọ Méjì, Ìyìn-Èkìtì

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, màmá wa. Àgbádárìgì ni kí ẹ lọ. Ọ̀nà jìn láti Ìyìn, ẹ sùn sí Èkó kí ẹ tó máa lọ.

Ẹ ó rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní 1845. Ṣùgbọ́n ilé Ṣẹ̀ríkì Williams Àbásì, oníṣòwò ẹrú ayé àtijọ́, ni kí ẹ ti pẹ́ jù. Yàrá tóóró tí wọ́n ń há ẹrú mọ́ ṣì wà níbẹ̀. Nílé ìdílé Mobee, tí baba ńlá wọn ṣòwò ẹrú náà, ẹ ó rí irin tí wọ́n fi ń ti ẹnu ẹrú pa. Ó lè pa àwọn ọmọ lẹ́kún. Ẹ fara balẹ̀ dá wọn lóhùn. Ogun akónilẹ́rú ja ilẹ̀ Èkìtì tiwa náà, ó yẹ kí wọ́n mọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà sí erékùṣù Gbẹ̀réfù. Ọ̀nà iyanrìn tí àwọn ẹrú gbà dé etí òkun ni ẹ ó fẹsẹ̀ rìn, láàárín igi àgbọn. Ẹ kọ́kọ́ dúnàá-dúrà owó ọkọ̀ àti ti afinimọ̀nà. Ìgbì òkun ibẹ̀ le gan-an. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà kí ọmọ kankan wọnú omi, bó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́.