Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Tí Ń Ya Ọ̀nà Omi: Ìtọ́jú Àká Páìpù àti Pọ́ǹpù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ya ọ̀nà tí omi yóò gbà dé ilé àwọn ènìyàn wa ní Òṣogbo, Òròkí ilé aró, àti ní Iléṣà, ìlú Ọwá Obòkun, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí n bá yín sọ, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń fa ìlà sórí àwòrán ìlú, nítorí ojú yín mú ju tèmi lọ nídìí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ àká ni, àní àkójọ inú kọ̀ǹpútà níbi tí a kó páìpù, pọ́ǹpù, fáàfù àti táǹkì sí pẹ̀lú gbogbo iye tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rìn, kí ẹni tí iṣẹ́ tuntun bá dé sí lọ́wọ́ lè mú wọn níbẹ̀ láìṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá wọn kiri.

Ẹ jẹ́ kí n mú páìpù kan ṣoṣo. Páìpù dúdú oníke tí a ń pè ní HDPE, tí wọ́n tẹ 110 sí lára, ìbú ẹ̀yìn rẹ̀ ni 110 yẹn, ní mìlímítà. Kì í ṣe ìbú inú tí omi ń gbà kọjá. Bí ó bá jẹ́ irú PE100 tí ó jẹ́ PN10, ara rẹ̀ nípọn tó 6.6, inú rẹ̀ sì jẹ́ 96.8, bí ó bá jẹ́ PN16, ara rẹ̀ nípọn tó 10, inú rẹ̀ sì di 90. Nínú ìṣirò Hazen-Williams tí a sábà máa ń lò, ìyàtọ̀ kékeré nínú ìbú inú a máa di ìyàtọ̀ ńlá nínú agbára tí omi ń pàdánù lójú ọ̀nà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnìkan bá fi ìkánjú kọ 110 síbi tí ó yẹ kí ó kọ ìbú inú, tí kọ̀ǹpútà sì sọ fún un pé mítà 10 ni omi yóò pàdánù, mítà 18 ó lé ni yóò pàdánù nínú PN10, yóò sì ju mítà 26 lọ nínú PN16. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó lè pẹ́ kí àṣírí tó tú. Ṣùgbọ́n ní Iléṣà tí òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀ sí, ilé tí ó wà lórí òkè téńté kò ní mítà mẹ́jọ tí yóò fi ṣòfò, afẹ́fẹ́ lásán ni yóò sì máa jáde lẹ́nu ẹ̀rọ onílé náà.

Àṣìṣe tí a ṣe sínú iṣẹ́ kan, iṣẹ́ kan náà ni ó bà jẹ́. Èyí tí a ṣe sínú àká, gbogbo iṣẹ́ tí ó bá mu nínú àká náà ni ó ń bá lọ, títí kan èyí tí ẹni tí yóò ṣe é kò tíì dé ọ́fíìsì wa. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún yín pé, ohunkóhun tí ó bá ti wọ àká, tí iṣẹ́ kan sì ti lò ó, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án mọ́. Bí ẹ bá rí i pé iye rẹ̀ kò tọ́, tàbí pé ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ti yí i padà, ẹ dá òmíràn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sára ti àkọ́kọ́ pé a kò gbọdọ̀ mú un fún iṣẹ́ tuntun mọ́, kí ẹ sì wá àwọn iṣẹ́ tí ó ti lò ó rí, kí ẹ tún ìṣirò wọn ṣe ní gbangba. Àwọn Òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń ta àwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, mọ ẹni tí ó gba aṣọ, iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, àti ọjọ́ tí owó yóò wọlé. Bí aṣọ bá wọ́n lọ́jà lọ́la, aṣọ ọ̀la ni wọn yóò fi iye ọ̀la tà, wọn kì í padà lọ yí iye tí oníbàárà àná ti gbà padà.

Ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ irú ẹ̀rọ tí ẹ ń lò, nítorí ìwà wọn kò dọ́gba. EPANET, tí àjọ EPA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1993, tí a kò sì san kọ́bọ̀ fún, kò ní àká àjọlò kankan nínú. Iye tí ẹ bá kọ sínú fáìlì iṣẹ́ náà ni yóò wà níbẹ̀, nítorí náà tábìlì Excel tàbí ohun tí ó jọ ọ́ ni ẹ óò fi ṣe àká yín. Nínú àwọn ẹ̀rọ olówó ńlá, àwọn kan ń da iye kọ sínú iṣẹ́, tí àtúnṣe inú àká kò fi ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń so iṣẹ́ mọ́ àká, tí àtúnṣe kan ṣoṣo ní òwúrọ̀ òní fi lè yí èsì iṣẹ́ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí i. Ẹ dán an wò lórí iṣẹ́ àfiṣeré kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Kí ni «Páìpù tuntun 2» túmọ̀ sí fún ẹni tí yóò bá a pàdé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá? Ẹ kọ irú rẹ̀, agbára rẹ̀, ìbú ẹ̀yìn àti ìbú inú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti rí iye náà, ìbáà jẹ́ ìwé ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é tàbí ìwọ̀n tí ẹ fúnra yín wọ̀n, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Èyí tí kò bá ní orísun, kí ó má ṣe wọlé.

Páìpù àtijọ́ tún nílò sùúrù ju tuntun lọ. Òṣogbo, tí omi odò Erinlẹ̀ ń ti ibùdó omi Ẹdẹ wá bá, kì í ṣe ìlú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ri páìpù sí, irin tí ó sì ti pẹ́ nínú ilẹ̀ kì í dán nínú bí ó ti dán lọ́jọ́ tí a rì í. Bí iye C irin tuntun, tí Hazen-Williams fi ń díwọ̀n bí inú páìpù ṣe dán tó, bá jẹ́ 130, tí ìpẹtà sì ti sọ ọ́ di 80, ohun tí omi ń pàdánù yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ààbọ̀. Ẹ má ṣe fi tuntun àti ògbólógbòó sábẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ kọ àdúgbò tí ẹ ti wọn ti ògbólógbòó mọ́ ọn lára. Ẹ tún kíyè sí i pé bí ẹnìkan bá kúrò nínú Hazen-Williams bọ́ sí ìlànà Darcy-Weisbach, 130 tí ó jẹ́ iye C yóò di ìwọ̀n gbágungbàgun inú páìpù ní mìlímítà, ìṣirò náà yóò sì dàrú pátápátá.

Ní ti pọ́ǹpù, bí ẹ bá fún EPANET ní ojú kan ṣoṣo lórí ìlà agbára rẹ̀, àní ìwọ̀n omi kan àti gíga tí ó bá a rìn, yóò fi èrò tirẹ̀ ya ìyókù: yóò gbà pé bí omi kò bá ṣàn rárá, gíga tí pọ́ǹpù náà lè gbé omi dé jẹ́ ìdá 133 nínú ọgọ́rùn-ún ti gíga yẹn, àti pé omi tí ó pọ̀ jù lọ tí ó lè tì jẹ́ ìlọ́po méjì ìwọ̀n omi yẹn. Ó wúlò fún ìgbà tí a ṣì ń ronú. Kò yẹ nínú àká. Ẹ gba ìlà agbára pọ́ǹpù náà lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á, kí ẹ kọ ó kéré tán ojú mẹ́ta lórí rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní Denmark àti Jámánì, níbi tí wọ́n ń fi páìpù abẹ́ ilẹ̀ gbé omi gbígbóná wọ ilé nítorí òtútù, irin páìpù DN100 kan náà, tí ìbú ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 114.3, lè wà nínú èèpo tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 200, 225 tàbí 250, bí èèpo náà bá sì ṣe nípọn sí ni ooru tí ń sá lọ ṣe ń dín kù. Ẹni tí ó kọ «DN100» nìkan sínú àká kò tíì kọ nǹkan kan.

Mo mọ̀ pé àwọn tí ó gbé iṣẹ́ fún yín a máa kán yín lójú, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Iṣẹ́ ńlá bí ti omi Iléṣà, tí Islamic Development Bank yá ìpínlẹ̀ wa lówó ṣe, ọmọ ọmọ wa ni yóò máa tún un ṣe. Ẹ yan ẹnìkan tí kọ́kọ́rọ́ àká yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí àwọn yòókù máa mú níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ nǹkan sínú rẹ̀ láìkọ́kọ́ fi hàn án. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ lé oníṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ da àká bí ó ti rí lọ́jọ́ náà kọ sínú fódà iṣẹ́ yẹn, kí ẹ sì kọ irú ẹ̀dà ẹ̀rọ tí ẹ lò, ìlànà ìṣirò tí ẹ yàn, àti ọjọ́ tí ẹ ti àká náà, sí ojú ewé àkọ́kọ́.